Ìwé Ìlú Wo Lẹ Fẹ́ Kọ? Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀kọ́ Ìṣirò Owó Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Iṣẹ́ tí àwọn tó pè mí rán mi ni pé kí n sọ bí èèyàn ṣe lè yan ẹ̀kọ́ ìṣirò owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì kọ́ ọ yanjú. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi gírámà da yín láàmú. Mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ó bá mi fara da nọ́ńbà díẹ̀, torí ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

Ẹlòmíì lè béèrè pé kí ló pa Jonquet tí a wà yìí àti ìṣirò owó pọ̀. Gbogbo Kútọnu ló mọ àdúgbò yìí sí ibi ọtí àti ijó lóru. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ẹrù ló kù: ibùdókọ̀ àwọn tó ń lọ sí Grand-Popo àti Lómé wà níbí, ọjà Missèbo àti òkìrìkà rẹ̀ kò jìnnà, ọjà Dantokpa náà kò jìnnà. Ẹni tó ń tajà fún ará Lómé láàárọ̀, tó ń ra ẹrù lọ́wọ́ ará Èkó lọ́sàn-án, tó ń gba owó kan lórí fóònù, tó ń gba òmíràn ní káàsì, tó tún ń ta àwìn láàárín méjèèjì, ìṣirò tirẹ̀ le ju ti òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Níbi tí owó ti ń yí báyìí ni wọ́n ti máa ń wá ẹni tó mọ ìwé owó kọ, àwọn ọmọ wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹ fóònù kiri, tí wọ́n ń wá kíláàsì.

Ìṣòro tiwa, àwa tí a ń sọ Yorùbá ní Kútọnu, ni pé ẹsẹ̀ wa wà ní ilẹ̀ méjì. Àwọn kan nínú wa wá láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pọ̀bẹ́ àti Sákétẹ́. Faransé ni wọ́n fi kàwé. Àwọn kan ti Èkó, Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Gẹ̀ẹ́sì ni tiwọn. Inú ilé kan náà lẹ ti lè rí ẹ̀gbọ́n tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì àti àbúrò tó ń ka Faransé. Bí ẹ̀gbọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè lọ́wọ́ Google, kíláàsì Amẹ́ríkà, ti Ìlú Ọba àti ti Nàìjíríà ni yóò kọ́kọ́ yọ sí i. Bí àbúrò bá fi Faransé béèrè, ti ilẹ̀ Faransé ni yóò ya lù ú. Àwọn méjèèjì lè kàwé tọkàntọkàn, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n wá dé ilé-iṣẹ́ kan ní àdúgbò Ganhi, kí ọ̀gá gbé ìwé owó síwájú wọn, kí gbogbo rẹ̀ dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwé ìlú mìíràn ni wọ́n kọ́.

Èwo wá ni ìwé ìlú tiwa? Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1993, ní Port-Louis, olú-ìlú Mauritius, àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà kan fọwọ́ sí àdéhùn pé òfin òwò kan náà ni àwọn yóò máa lò. Àdéhùn náà ló bí OHADA. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú rẹ̀ lónìí. Benin wà níbẹ̀, Tógò wà níbẹ̀, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òfin náà ló sọ bí oníṣòwò ṣe gbọ́dọ̀ kọ ìwé owó rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n fọwọ́ sí i ní Brazzaville ní ọjọ́ 26 oṣù Kínní ọdún 2017, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2018. Ètò ìṣirò inú rẹ̀ là ń pè ní SYSCOHADA. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Kútọnu lè jókòó sídìí ìwé owó ní Lómé, ní Abidjan, ní Dakar tàbí ní Douala, kò sì ní ṣàjèjì.

Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń fún ìwé owó rẹ̀ ní nọ́ńbà tó bá wù ú. Ohun tí ìlànà ìṣirò àgbáyé, IFRS, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò níbẹ̀ ní 2012, dojú kọ ni bí àbọ̀ ìṣirò ṣe gbọ́dọ̀ rí lópin ọdún. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin fúnra rẹ̀ ló pín nọ́ńbà. Àpótí owó jẹ́ 57 láti Kútọnu títí dé Libreville. Báńkì jẹ́ 52. Oníbàárà tó jẹ wá ní gbèsè wà ní 411, ẹni tí àwa jẹ wà ní 401. Kódà, owó orí fóònù ní ibùgbé tirẹ̀: nígbà àtúnṣe 2017 ni wọ́n ya 55 sọ́tọ̀ fún owó tí ọwọ́ kò lè kà, wọ́n sì fi 552 fún ti fóònù. MoMo tí gbogbo yín ń lò yìí, òfin mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lójú iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kan ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò lẹ́bàá ibùdókọ̀. Ó ti tóbi débi pé ó ń gba owó-orí ọjà, TVA, 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Awakọ̀ kan wá ra ọjà 100,000 sẹ́fà, TVA rẹ̀ jẹ́ 18,000, àpapọ̀ 118,000. Awakọ̀ fi 68,000 ránṣẹ́ lórí fóònù, ó ka 50,000 tó kù sílẹ̀. Akọ̀wé owó yóò kọ ọ́ báyìí: ní apá débit, 68,000 sí 552, 50,000 sí 571 tó jẹ́ ẹ̀ka 57, ní apá crédit, 100,000 sí 701 tó jẹ́ ti ọjà tí a tà, 18,000 sí 4431 tó jẹ́ ti TVA. Òsì, ìyẹn débit, 118,000; ọ̀tún, ìyẹn crédit, 118,000. Ìlà mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá ti mọ iye tó wà lórí fóònù, ó ti mọ iye tó wà nínú àpótí, ó sì ti rí i kedere pé 18,000 yẹn kì í ṣe tirẹ̀; ti ìjọba ni, ó kàn ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń ná owó yẹn bí ẹni ń ná èrè, àfi ìgbà tí ọjọ́ owó-orí bá pé tí igbe bá ta.

Ọmọ tó kọ́ ti ilẹ̀ Faransé yóò kọ ọjà kan náà sí 707, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ní Paris, kò ṣìnà. Ní Kútọnu, owó tó ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí a ń ṣe gan-an ni 707 wà fún. Ìyẹn ni pé ìwé rẹ̀ yóò máa jẹ́rìí pé ṣọ́ọ̀bù náà kò ta ẹ̀yà ara mọ́tò kankan láti oṣù Kínní dé oṣù Kejìlá, owó ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ń pa. Yóò kọ owó àpótí sí 53, nígbà tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ wa, ilé ìṣúra ìjọba àti irú àwọn ilé-iṣẹ́ owó bẹ́ẹ̀ ló ni 53. Yóò kọ ọjà tí a rà sí 607. Kò sí 607 nínú ìwé wa, 601 ni. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni 601 àti 701 fúnra wọn, torí wọ́n wà nínú ìwé méjèèjì. Ní ilẹ̀ Faransé, 701 jẹ́ ti ọjà tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe; ní Benin, ó jẹ́ ti ọjà tí a rà tí a sì tún tà. Nọ́ńbà tí kò sí, kọ̀ǹpútà yóò kọ̀ ọ́, ẹ ó sì mọ̀ pé ẹ ti ṣì í. Nọ́ńbà tó wà tó ń tọ́ka sí nǹkan mìíràn, kọ̀ǹpútà yóò gbà á, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé funfun, gbogbo èèyàn yóò sì rò pé ó dára.

Kò tán síbẹ̀. Kíláàsì lè jẹ́ ti SYSCOHADA lóòótọ́, kó sì ti gbó. Fídíò kì í kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí olùkọ́ kan ká sílẹ̀ ṣáájú 2018 ṣì lè máa jáde lónìí, kí àwọn èèyàn máa kí i kú iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí olùkọ́ bá sọ pé ètò mẹ́ta ló wà, pé normal wà, pé allégé wà, pé minimal wà, ẹ kí i pé ó dàbọ̀: àtúnṣe 2017 ti pa allégé rẹ́. Bí ó bá ń kọ owó tí a ná láti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ sí 20, tó ń pè é ní charges immobilisées, ti àtijọ́ náà ni. Bí ó bá sì ní oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kò tó 30 mílíọ̀nù sẹ́fà lọ́dún ló lè lo ètò kékeré, ẹ mọ̀ pé iye ti òní jẹ́ 60 mílíọ̀nù. Ìwé òfin náà fúnra rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ máa fi wo ẹnu olùkọ́.

60 mílíọ̀nù yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀, torí òun ló kan àwọn ìyá tó jókòó síwájú mi. Òfin ní ẹni tí ọjà tó ń tà lọ́dún kò bá tó 60 mílíọ̀nù sẹ́fà, láìka owó-orí mọ́ ọn, lè lo système minimal de trésorerie, tí wọ́n ń gé kúrú sí SMT. Ti oníṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ 40 mílíọ̀nù. Ti ẹni tó ń báni ṣe iṣẹ́ láìta ọjà, bí ẹni tó ń báni tẹ ìwé, jẹ́ 30. SMT kò béèrè 4431 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó tó wọlé, owó tó jáde, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ohun tó wà fún, ó tán. Lópin ọdún, a ó ka ọjà tó kù, a ó kọ orúkọ ẹni tó jẹ wá àti ti ẹni tí a jẹ.

Ẹ̀yin ìyá wa ti ń ṣe ìdajì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé àjákọ tó wà lábẹ́ káńtà nìyẹn: ojú ìwé àwìn, orúkọ oníbàárà, iye tó kù, àti ìlà tí ẹ fà sórí orúkọ ẹni tó bá ti san. Ohun tí kì í sí níbẹ̀ ni owó oúnjẹ tí ẹ mú láti inú àpótí ní àárọ̀, àti owó àjọ tí ẹ fà yọ nígbà tí alájọ dé lójijì. Nítorí méjèèjì yìí ni ọjà fi máa ń tà tí owó kì í fi í kù. Kíláàsì ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó bá kọ́ yín láti máa kọ wọ́n sílẹ̀ ti tó fún yín. Ẹni tó ń polówó dípúlómà ọdún mẹ́ta fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan, owó rẹ̀ ló ń wá. Kí n sì tètè sọ ọ́: ti ìwé owó ni 60 mílíọ̀nù. Owó-orí ní àlà tirẹ̀. TPS tí àwọn oníṣòwò kéékèèké ń san dúró ní 50 mílíọ̀nù. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá bọ́ sáàárín méjèèjì, kó má fi àlà kan dáhùn fún èkejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ jẹun, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ìwé ẹ̀rí tí a ń rí gbà lẹ́yìn fídíò kì í ṣe oyè. Ó lè fi hàn ọ̀gá pé ẹ mọ Excel tàbí Sage, ìyẹn sì wúlò púpọ̀, torí àwọn méjèèjì ni ilé-iṣẹ́ máa ń béèrè. Ṣùgbọ́n kò lè gbé yín wọ ẹgbẹ́ àwọn àgbà oníṣirò owó tí à ń pè ní expert-comptable, OECCA-Bénin. Ọ̀nà ibẹ̀ gùn: fún àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA tó jọ ń ná sẹ́fà pẹ̀lú wa, oyè DESCOGEF ló ń ṣáájú, oyè DECOFI ló ń kẹ́yìn, ilé ẹ̀kọ́ CESAG ní Dakar sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé, ilé ẹ̀kọ́ ENEAM wà níbí ní Kútọnu, lábẹ́ Yunifásítì Abomey-Calavi. Ẹ máa fi kíláàsì orí fóònù ti irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ni, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá tí ń kọ́ni láti òkèèrè wà dáadáa. Intec ti Paris, tó wà lábẹ́ Cnam, ti wà láti 1931, àwọn tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Paris rí sì ti kàwé lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n òfin Faransé ni wọ́n ń kọ́ni. Ẹgbẹ́ oníṣirò owó ACCA ti London, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1904, ní ìdánwò 13; Gẹ̀ẹ́sì ni, IFRS ni. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò ATSWA ni àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ tí kò wọ́n jù. NOUN, yunifásítì Nàìjíríà tó ń kọ́ni láti òkèèrè, náà ń fi oyè fúnni nínú ìṣirò owó. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1983, wọ́n tì í pa ní 1984, ó tún jí ní 2002 lásìkò Olóyè Ọbásanjọ́, baba náà fúnra rẹ̀ sì padà lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo wọn dára fún ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Bí Èkó lẹ fẹ́ padà sí, ẹ kọ́ ti Èkó. TVA ibẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe 18, 7.5 ni láti 2020. Bí Kútọnu lẹ ó ti jẹun, èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ SYSCOHADA, ní Faransé, bó ti wù kí Faransé yín máa tiro tó. IFRS á ṣì dúró dè yín.

Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé ẹ̀kọ́ tí a kò rí ojú olùkọ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Èmi kò gbà. Láti 1858 ni Yunifásítì London ti ń fi oyè fún ẹni tí kò gbé London. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ra kòkó, ó ti ṣe òwò ọkọ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ nínú yín, kó tó gba oyè B.Com. yunifásítì yẹn ní 1944, nípa ẹ̀kọ́ tó ń gba ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́. Ohun tó gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dúró kì í ṣe ìwé tó ń bọ̀ nínú àpò ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣiṣẹ́ ránṣẹ́, ẹnìkan ń fi gègé pupa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń dá a padà. Nígbà tí ìdánwò bá sì dé, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló ń mákì rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ bi kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn kí ẹ tó bi í ní iye owó: ta ni yóò yẹ iṣẹ́ mi wò? Bí ó bá jẹ́ pé fídíò 80 ló wà, tí kò sí iṣẹ́ kan tí èèyàn ẹlẹ́ran-ara yóò kà, eré ìtura ni.

Kíkọ́ ọ dópin ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jábọ́. Àwọn olùwádìí kan wo àwọn kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Harvard àti MIT, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní oṣù Kínní ọdún 2019. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní 2017 sí 2018, nǹkan bí ẹni mẹ́ta ló parí. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó san owó díẹ̀ nítorí ìwé ẹ̀rí, 46 nínú ọgọ́rùn-ún ló parí. Èmi kò gbà pé owó ló ń mú orí pé. Ohun tí a fi owó rà, a kì í fẹ́ kó bàjẹ́ ni. Nítorí náà, ẹ tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, bó bá sì bá yín lára mu, ẹ san nǹkan díẹ̀ sórí rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ fi gbogbo owó ránṣẹ́ sórí MoMo ara rẹ̀ kí ẹ tó rí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ló kù. Ojú fóònù kéré jù fún ìwé owó. Ẹ máa gbọ́ fídíò lórí fóònù, kí ẹ máa fi bírò ṣe ìṣirò sórí ìwé onílà. Ẹ tẹ àtẹ nọ́ńbà SYSCOHADA sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ bẹ oníṣọ́ọ̀bù kan pé kó fún yín ní àwọn facture normalisée, ìyẹn rísíìtì tí òfin mọ̀, ti oṣù tó kọjá, kí oníkálùkù kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ wá fi ara wé ara. Ibi tí àpapọ̀ yín bá ti yàtọ̀ síra, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Àsìkò sì ńkọ́? Ẹni tó ń gbé Jonquet kò gbọdọ̀ tan ara rẹ̀ jẹ pé òun yóò kàwé ní aago mẹ́wàá alẹ́ láàárín rédíò ilé ọtí mẹ́ta. Ìdájí ni kí ẹ lò, kí àwọn agbèrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké Lómé, Lómé.

Kí a tó túká, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹni tó ti ní kíláàsì kan lọ́kàn, kó ṣí i lórí fóònù rẹ̀ nísinsìnyí, kó wá ibi tí olùkọ́ ti ń kọ owó àpótí. Bí ó bá rí 57, kó máa bá a lọ. Bí ó bá rí 53, tó sì jẹ́ pé Kútọnu ló ti fẹ́ ṣiṣẹ́, kó fi owó rẹ̀ sápò.